Iyán tí Sàláwù Gún fún Sísí Wẹ́fíà

Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Sàláwù a máa mu tirẹ̀ lámujù. Bí o bá fún un ní ọsàn, yóò yí i wò títí kí ó tó bó o, bóyá wọ́n ti fi nǹkan gún un nídìí. Bí o bá kí i lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan, yóò máa ronú ohun tí o fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Fàúsátù ìyàwó rẹ̀, ìyá Kúdí ọmọ wọn, sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì àwọn, ó bi Lèmọ́ọ̀mù pé kí ló dé tí àdúrà náà fi gùn tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé irọ́ ni, nítorí Sàláwù fúnra rẹ̀ kò sẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Àpò ìdọ̀họ ni wọ́n ń hun níbẹ̀, ní Àpápá, kò jìnnà sí Màálù Róòdù, àpò tí àwọn oníṣòwò ń kó kòkó àti ẹ̀pà sí. Nígbà tí Sàláwù kọ́kọ́ wọlé, kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dúró tì. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ní àpò kò tó nílùú, ẹ̀rọ kan di méjì. Ẹni tó bá dúró láàárín ẹ̀rọ méjì láti àárọ̀, bí ìyàwó rẹ̀ bá pè é nírọ̀lẹ́, kò ní gbọ́. Eruku ìdọ̀họ á ti kún un nímú bí ẹni tó sùn sínú àká.

Ọ̀rọ̀ ojú ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́yẹmí, máníjà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pe gbogbo wọn jọ lọ́jọ́ kan, ó ní ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn wọn, ó ní dókítà ojú ń bọ̀, ẹni tójú bá ń dùn yóò gba awò lọ́fẹ̀ẹ́. Inú wọn dùn. Fidelis, ẹni tó kọ́ Sàláwù níṣẹ́, ló kọ́kọ́ tò. Ó sì gba awò lóòótọ́, awò tó dára. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ní kó máa lọ sinmi nílé, pé ilé-iṣẹ́ kò lè fi ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa sídìí ẹ̀rọ. Awò ọ̀fẹ́ náà ni Fidelis fi ka ìwé tí wọ́n fi dá a dúró.

Láti ọjọ́ náà ni Sàláwù ti pinnu pé bí ilé-iṣẹ́ yìí bá ń pín àlùjánnà pàápàá, òun kò ní nawọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, yóò sá.

Ìgbà òjò ọdún 1973 ni ikọ́ mú un. Ó kọ́kọ́ pè é ní òtútù. Nígbà tó yá, ó pè é ní eruku. Nígbà tó wá di pé kò lè gbé garawa omi láti ìdí ẹ̀rọ omi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìdúró mí lójú ọ̀nà, kò pè é ní nǹkankan mọ́. Orógbó ló ń jẹ níbi iṣẹ́. Bí ikọ́ bá fẹ́ gbé e, á ba mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ bí ẹni tó ń so òwú tó já, á wú u síbẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ ló ń bá a bo àṣírí.

Ilé kò ní ariwo ẹ̀rọ. Ní Ajégúnlẹ̀ tó ń gbé, iyàrá kọjú sí iyàrá, pákó lásán ló sì pààlà láàárín òun àti Azubuike. Azubuike náà ń hun àpò ní ilé-iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ó kéré sí Sàláwù lọ́jọ́ orí. Nígbà tí ogun lé e padà sí ìlú rẹ̀, ọ̀dọ̀ Sàláwù ni bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àpótí aṣọ rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ Ngozi ìyàwó rẹ̀ wà títí ogun fi parí. Wọ́n padà dé, wọ́n rù hangogo, wọ́n bá gbogbo ẹrù wọn bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, abẹ́rẹ́ kan kò dín. Azubuike dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ Yorùbá. Láti ìgbà náà, bí ó bá ra iṣu, ti Sàláwù wà níbẹ̀. Bí Sàláwù bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, òun ló ń bá a bẹ fọ́maànù.

Ẹlòmíràn á pe èyí ní ọpẹ́. Sàláwù ní tirẹ̀ gbà pé ọpẹ́ tí kò tán lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan mìíràn ti wà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́yẹmí tún pè wọ́n jọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wọ gáùn aláwọ̀ òféfèé, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn. Láídé ni orúkọ rẹ̀. Máníjà ní wẹ́fíà nìyẹn, pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mójú tó ìlera àti ìdílé òṣìṣẹ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ mọ̀ pé eruku ń da àwọn kan láàmú. Ẹni tí àyà rẹ̀ kò bá gba ẹ̀rọ mọ́, wọn yóò fún un níṣẹ́ jíjókòó lẹ́nu géètì, owó oṣù rẹ̀ kò sì ní yẹ̀. Sísí Láídé ni yóò máa lọ sílé ẹni tára rẹ̀ kò bá yá, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀nà ilé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́ fún ara wọn. "Awò ojú ti tún dé," ni Sàláwù wí, kò sì sẹ́ni tó jiyàn. Ó ní ọgbọ́n tuntun ni wọ́n dá, pé tẹ́lẹ̀ wọ́n ń pe aláìsàn wá sọ́fíìsì kí wọ́n tó lé e, nísinsìnyí wọ́n fẹ́ máa lọ bá a lórí ẹní. Pańsá kò fura, pańsá já sí iná. Kò sí òṣìṣẹ́ kan tó lọ sọ fún Sísí Láídé pé nǹkankan ń ṣe òun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Sàláwù kò lè dìde mọ́. Fàúsátù bẹ Azubuike pé kó bá àwọn sọ níbi iṣẹ́ pé ibà ni. Azubuike ní kò burú, ó sì ń dúró ti ẹ̀rọ Sàláwù mọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bó ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó wọlé wá láìbọ́ aṣọ iṣẹ́, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Bàbá Kúdí, ẹ má bínú sí mi o. Mo ti bá Sísí wẹ́fíà sọ̀rọ̀."

Sàláwù gbórí sókè. "O sọ kí ni fún un?"

"Mo ní àyà yín ti bàjẹ́, pé ẹ ò lè dìde. Ó ń bọ̀ lọ́la. Abeg, ẹ ṣáà sùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó rí yín. Géètì yẹn, na ẹ̀yin ló tọ́ sí."

"Ta ló rán ẹ?"

"Nobody. No vex, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ yẹn máa pa yín. Èmi ni mò ń gbọ́ yín láti ẹ̀yìn pákó, I swear, ó máa pa yín."

Sàláwù kọjú sí ògiri títí Azubuike fi dìde, tó sì jáde. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Fàúsátù wí. "Ọlọ́run á san án fún un."

"Á san kí ni fún un? Ta ló ń dúró ti ẹ̀rọ mi láti ọjọ́ tí mo ti wà nílẹ̀?"

"Ṣebí ó ń bá yín dì í mú ni."

"Ẹ̀rọ mi méjèèjì, tuntun ni wọ́n, òwú wọn kì í já. Tiẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ ògbólógbòó tó ń já òwú bí ọmọ ń sunkún. Bí mo bá lọ jókòó sẹ́nu géètì, bí wọ́n bá tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀, ta ni wọ́n máa fi ẹ̀rọ mi lé lọ́wọ́?"

Fàúsátù ń ká aṣọ, ó fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá Kúdí, ẹ ń wúkọ́ tilẹ̀ ń mọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí obìnrin yẹn rí yín bí ẹ ṣe wà."

"Fidelis jẹ́ kí wọ́n rí òun bó ṣe wà."

Fàúsátù mọ Fidelis, ó mọ ibi tó wà báyìí, tó ń ta epo fìtílà nínú ìgò ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò sì rí ìlà tó wà lára ìgò mọ́ bó tilẹ̀ wọ awò. Ó mú aṣọ tó fi sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

Ní ọjọ́ kejì, Sàláwù dìde. Bó ṣe dìde, Ọlọ́run ló yé. Ó di ògiri mú dé balùwẹ̀, ó wẹ̀, ó fá irùngbọ̀n, ó ní kí Fàúsátù bá òun se iṣu. Fàúsátù rò pé ebi ló ń pa á, inú rẹ̀ sì dùn. Ìgbà tó rí i tó ń yí odó bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé ló tó mọ̀ pé kì í ṣe ebi.

"Ta ló fẹ́ gún iyán?"

"Èmi."

"Fún ta ni?"

"Fún àlejò wa. Ṣé a ó jẹ́ kí ó lọ láìfẹnu kan nǹkan ni?"

Nígbà tí ọkọ̀ kékeré Sísí Láídé fi máa yọ nínú ẹrẹ̀, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń sá tẹ̀ lé e, Sàláwù ti bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó ti di sòkòtò rẹ̀ le, ó ń gún iyán lójúde. Ó ń gún un gbì, gbì, bí alápatà tó ń fọ́ egungun. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti sé èémí rẹ̀ mọ́nú. Bó bá gbé ọmọ odó sókè, nǹkan á ya bí aṣọ lábẹ́ ìhà rẹ̀. Bó bá sọ ọ́ kalẹ̀, á ya padà. Àgbàlá náà ń yí lójú rẹ̀.

Azubuike jáde sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń mi ọwọ́ sí Sàláwù lẹ́yìn àlejò pé kó dáwọ́ dúró, kó jókòó. Sàláwù rí ọwọ́ náà. Ohun tó sọ nínú ara rẹ̀ ni pé, "Ẹ ò rí i? Ó ń dùn ún." Ló bá tún gún un kíkankíkan sí i.

"Ṣé Bàbá Kúdí tí wọ́n ní kò lè dìde nìyí?" ni Sísí Láídé wí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, àpò ọsàn àti agolo mílíìkì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Sísí. Ibà lásán ni. Ó ti lọ."

"Àyà ńkọ́, sà? Ṣé kò sí ikọ́?"

"Ikọ́ wo? Ẹ jókòó, ẹ jẹun."

Wọ́n fún un ní àga. Ó jẹ iyán náà, ó sì yìn ín, ó ní ìgbà tí òun ti kúrò nílé ìyá òun, òun kò tíì jẹ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára Sàláwù, tó jókòó sórí etí odó, tí òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí omi, tí ètè rẹ̀ sì ti funfun. Nígbà tó fọwọ́, ó yíjú sí Fàúsátù. "Mọ̀mọ́, ṣé bó ṣe wí yẹn náà ni?"

Fàúsátù wo ọkọ rẹ̀, ojú ọkọ rẹ̀ le mọ́ ọn. Ilé tí wọ́n ti tọ́ Fàúsátù, obìnrin kì í já ọkọ rẹ̀ nírọ́ níwájú àlejò, ilé rẹ̀ ì báà máa jó. Ó wo ilẹ̀. "Bó ṣe wí náà ni," ló dáhùn. Títí di òní, kò tíì dárí ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn ji ara rẹ̀.

Bí ọkọ̀ ti kọ́nà ni Sàláwù sáré dé ẹ̀yìn balùwẹ̀. Ó wúkọ́ títí orúnkún rẹ̀ fi kanlẹ̀. Nígbà tó ṣíjú, ẹ̀jẹ̀ ló rí lórí iyanrìn. Ngozi ìyàwó Azubuike ń fọ aṣọ nítòsí, ó rí i. Obìnrin náà kò pariwo, kò sì bi í ní nǹkankan. Ó gbé omi tó fi ń ṣan aṣọ, ó dà á sórí ẹ̀jẹ̀ náà, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Sàláwù rò ó pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní obìnrin náà ń fi í pamọ́ de ọjọ́ tí yóò wúlò fún un ni.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n pe àwọn ọkùnrin méjèèjì sí ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́yẹmí. Sísí Láídé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yìí. Máníjà ní ilé-iṣẹ́ fẹ́ ṣe òṣìṣẹ́ lóore, àwọn kan sì fẹ́ sọ ọ́ di wàyó, wọ́n ń fi irọ́ wá iṣẹ́ jíjókòó fún ọ̀rẹ́ wọn. Ó nàka sí Azubuike.

"Ọkùnrin yìí sọ fún wa pé o ń kú lọ. Wẹ́fíà dé ilé rẹ, ó bá ọ nídìí odó. Sàláwù, ṣé ara rẹ kò yá, àbí ó purọ́ fún wa? Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Sísí Láídé wí, "bóyá kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò."

Ká ní kò dárúkọ dókítà ni! Ó ti kù díẹ̀ kí Sàláwù sọ òtítọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, nítorí ojú Azubuike tó ń wò ó kò jọ ojú ẹni tó ń wá ẹ̀rọ, ó jọ ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bó ti gbọ́ dókítà, Fidelis ló rí. Ó rí awò tó dára náà lójú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gan-an, irú èyí tí í mú àgbàlagbà sá sẹ́yìn ọmọ.

"Ara mi le, sà," ló wí. "N kò rán an níṣẹ́ kankan."

"Bàbá Kúdí," ni Azubuike pè é.

Wọ́n dá Azubuike dúró lọ́jọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́yẹmí bọ Sàláwù lọ́wọ́, ó ní òṣìṣẹ́ olóòótọ́ tó sì lágbára ni ilé-iṣẹ́ ń wá, ó sì fún un ní ẹ̀rọ kẹta kó máa dúró tì í mọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ògbólógbòó kan lára ti Azubuike ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Onome tó ń ran ẹnu àpò lọ bá Sísí Láídé, ó ní àyà òun ń dun òun. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tó padà, ẹnu géètì ló jókòó sí, lábẹ́ ibòji, owó oṣù rẹ̀ kò sì dín. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni Sàláwù ń kọjá lára rẹ̀. Wọn á kí ara wọn. Gbogbo ìgbà tó bá ń bọ̀ lókèèrè, ohun tó ń retí ni pé kó bá àga náà lófìfo, kó gbọ́ pé wọ́n ti lé Onome, kí ọkàn òun lè balẹ̀ pé òun kò ṣì í ṣe. Ojoojúmọ́ ló ń bá Onome níbẹ̀.

Azubuike kò bá a jà. Ìyẹn ló tilẹ̀ le jù. Ó ń wáṣẹ́ kiri ní èbúté títí oṣù fi parí, kò rí i, wọ́n sì pinnu láti lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀nìtṣà. Ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀, Sàláwù wà lórí ẹní, ẹ̀rọ mẹ́ta ti dá a padà síbẹ̀. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ti ń fa bẹ́ẹ̀dì tí òun bá wọn tọ́jú nígbà ogun kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò lè jáde. Ìtìjú ni, ṣùgbọ́n kò gbà fún ara rẹ̀ pé ìtìjú ni, ó ní òtútù ni.

Ngozi kanlẹ̀kùn. Ó gbé abọ́ kan dání, ọbẹ̀ ata tó gbóná ni, ó ní ewé àti èso ìlú wọn nínú.

"Ìyá Kúdí, ẹ fún wọn mu. E good for chest. Ọmọ mi àti bàbá ẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀, mo ní kí n gbé e wá kí n tó lọ."

Fàúsátù gbà á. Ó di obìnrin náà mọ́ra pẹ̀lú abọ́ náà. Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, ó gbé ọbẹ̀ náà wá síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì fi ṣíbí sí i.

Sàláwù wo abọ́ náà. Ó wò ó títí, bó ṣe ń wo ọsàn.

"Gbé e kúrò," ló wí. "Ohun tí mo fi ojú wọn rí tó láti mú wọn pààyàn. Má jẹ́ kí Kúdí fẹnu kàn án."

Fàúsátù kò gbé e kúrò. Ó fa àpótí, ó jókòó sójúkojú rẹ̀, ó gbé abọ́ náà lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Sàláwù ní, "Fàúsátù!" Fàúsátù ń mu ún lọ. Ata náà ń mú omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó mu ún tán, ó fi ìka gbá ìdí abọ́ náà, ó lá a. Lẹ́yìn náà ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọkọ rẹ̀, kí Sàláwù lè rí i dájú pé ọbẹ̀ náà kò pààyàn.